Gbígbé Ojú Irin Abẹ́lẹ̀ Ró Nígbà Tí A Bá Ń Gbẹ́ Ihò Sí Abẹ́ Rẹ̀: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, àwọn bíríkìlà àti àwọn onílé ní Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà máa ń bi wá léraléra. A tò wọ́n láti orí èyí tí ó rọrùn lọ sí orí èyí tí ó ta kókó.

Kí ni ó ń jẹ́ fífún ilé ní ìpìlẹ̀ tuntun nígbà tí ilé náà ṣì wà lórí ìdúró?

Ilẹ̀ ni gbogbo ilé ń gbé ẹrù ara rẹ̀ lé. Nígbà tí ilẹ̀ náà kò bá lágbára mọ́, tàbí nígbà tí a bá fẹ́ gbẹ́ ẹ kúrò nítorí iṣẹ́ mìíràn, a ní láti wá ibi tí ó le nísàlẹ̀, kí a sì mọ òpó tàbí ògiri tuntun tí yóò gbé ẹrù ilé dé ibẹ̀. Iṣẹ́ yìí ni àwọn ẹnjiníà ń pè ní underpinning. Ohun tí ó mú un nira ni pé ilé kò gbọdọ̀ wó, kò sì gbọdọ̀ rì, ní gbogbo ìgbà tí àwọn òṣìṣẹ́ bá wà lábẹ́ rẹ̀.

Òfin kan ni ó wà nídìí gbogbo rẹ̀: ẹrù kò gbọdọ̀ wà láìní ibi tí ó jókòó lé, ìbáà ṣe fún ìṣẹ́jú kan. Ibi tuntun gbọ́dọ̀ ti gba ẹrù kí a tó mú ti àtijọ́ kúrò. Bí a bá ń sọ ìkòkò omi fún ara wa, ẹni tí ó rù ú kì í yọwọ́ títí ẹni tí ó fẹ́ gbà á yóò fi dì í mú ṣinṣin. Ẹni tí ó bá di òfin yìí mú yóò lóye gbogbo ohun tí ó kù nínú ìdáhùn wọ̀nyí.

Kò sí ojú irin abẹ́lẹ̀ ní Nàìjíríà. Kí ni ó kàn wá ní Ifẹ̀ àti Iléṣà?

Òótọ́ ni pé a kò ní ọ̀kan. Ojú irin Blue Line ti Èkó, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, orí ilẹ̀ àti orí afárá ni ó gbà. Ní ilẹ̀ Áfíríkà, ìlú Cairo ni ó kọ́kọ́ ní irú ojú irin abẹ́lẹ̀ yìí ní ọdún 1987, ti Algiers sì tẹ̀ lé e ní ọdún 2011.

Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Ifẹ̀ ń lọ ṣiṣẹ́ ní ìlú tí irú iṣẹ́ yìí wà, ó sì yẹ kí wọ́n mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó débẹ̀. Ìdí kejì sún mọ́ ilé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dọọdún ni a ń gbẹ́ gọ́tà tàbí fẹ ọ̀nà sí ẹ̀gbẹ́ ògiri àtijọ́, tí a ń gé ilẹ̀ kúrò lábẹ́ ìpìlẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bi pé kí ni yóò gbé e ró. Òfin tí ó gbé ojú irin ìlú ńlá dúró ni ògiri alámọ̀ ní Mọ̀ọ̀rè tàbí ní Ìlarè náà ń béèrè.

Kí ni ó fà á tí a ó fi gbẹ́ ihò sí abẹ́ ohun tí ó ti wà níbẹ̀?

Abẹ́ ilẹ̀ àwọn ìlú wọ̀nyẹn ti kún. Ojú irin abẹ́lẹ̀ ti wà ní London láti ọdún 1863, ní Boston láti ọdún 1897, ní New York láti ọdún 1904. Ohun tuntun tí ó bá ń bọ̀ ní láti gba abẹ́ ti àtijọ́ kọjá.

Àpẹẹrẹ tí a fẹ́ràn jù láti fi kọ́ni ni ti Boston. Nígbà tí wọ́n ń gbé òpópónà ńlá I-93 wọ abẹ́ ilẹ̀ láàárín ìlú náà, ihò tí àwọn ọkọ̀ tí ó ń lọ sí àríwá yóò gbà bá ibùdó ọkọ̀ ojú irin Red Line ní South Station pàdé, ibùdó tí ó ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 1916. Abẹ́ ibùdó náà ni wọ́n gbà, ibẹ̀ sì ni ó jìn jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà, nǹkan bí mítà 37 sí ojú títì. Ní New York, nígbà tí wọ́n fa ojú irin nọ́ńbà 7 gùn sí i, abẹ́ ojú irin Eighth Avenue ti ọdún 1932 ni wọ́n ní láti gbà. Wọ́n wó pèpéle ìsàlẹ̀ kan tí a ti pa tì níbẹ̀, wọ́n sì gbé ohun tí ó wà lókè ró. Ọdún 2015 ni ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba apá tuntun náà.

Kí ló dé tí wọn kò fi kàn gbẹ́ ilẹ̀ láti òkè?

Níbi tí ààyè bá wà, láti òkè ni wọ́n ń gbẹ́ ẹ, nítorí pé owó rẹ̀ kò pọ̀ tó ti ihò, ojú sì ń rí ohun tí ọwọ́ ń ṣe. Ṣùgbọ́n bí ibùdó tí èrò ń wọ̀ tí wọ́n ń sọ̀ bá wà láàárín òkè àti ibi tí a ń lọ, a kò lè gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni a ó ti sọ̀ kalẹ̀, kí a tó yà wọ abẹ́ rẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é gan-an?

Wọn a kọ́kọ́ wá àwòrán tí wọ́n fi kọ́ ibùdó náà, wọn a lu ilẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi láti mọ bí amọ̀, yanrìn àti àpáta ṣe tò lé ara wọn, wọn a sì ṣírò iye ẹrù tí òpó kọ̀ọ̀kan ń gbé. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò gbẹ́ kòtò jíjìn sí ẹ̀gbẹ́ ibùdó lọ́tùn-ún lósì, tí wọn yóò fi ògiri kọnkéré tí ó nípọn yí i ká. Ògiri ẹ̀gbẹ́ wọ̀nyí ni yóò di ẹsẹ̀ tí gbogbo ẹrù yóò dúró lé nígbẹ̀yìn.

Láti inú kòtò yìí ni wọ́n ti ń gbẹ́ ihò kékeré wọ abẹ́ ibùdó, èyí tí ènìyàn lè dúró ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Wọn kì í gbẹ́ ẹ lọ gbọrọ. Nǹkan bíi mítà kan ni wọ́n ń gbẹ́ lẹ́ẹ̀kan, wọn a gbé férémù irin sí i, wọn a sì fi ẹ̀rọ fọ́n kọnkéré mọ́ ara ilẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Níbi iṣẹ́ mìíràn, pákó ni wọ́n ń tò mọ́ ọn. Ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní iye àkókò tí ó lè dúró fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí a bá gbẹ́ ẹ: àpáta lè dúró fún ọdún, amọ̀ líle lè dúró fún wákàtí díẹ̀, yanrìn gbígbẹ kì í dúró rárá. Ẹni tí kò bá mọ iye àkókò yìí kò gbọdọ̀ wọ ihò.

Bí ihò kékeré náà bá ti dé òdì kejì, wọn a to irin sínú rẹ̀, wọn a sì fi kọnkéré dí i pátápátá. Ibí yìí ni ó máa ń ya ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu, pé a gbẹ́ ihò tán, a tún dí i. Ìdí ni pé a kò gbẹ́ ihò náà fún ìrìn; a gbẹ́ ẹ kí a lè rí ibi gbé bíìmù kọnkéré sí lábẹ́ ilé tí a kò lè gbé kúrò. Wọn kì í gbẹ́ ihò méjì tí ó fara kan ara wọn tẹ̀léra. Wọn a fo méjì tàbí mẹ́ta, kí ilẹ̀ tí a kò tíì fọwọ́ kàn lè máa gbé ẹrù títí kọnkéré ti àkọ́kọ́ yóò fi gbó, kí wọ́n tó padà wá sí àwọn tí wọ́n fò.

Nígbà tí gbogbo bíìmù bá ti pé, wọn a di òrùlé kan tí ó sùn lé ògiri ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ibùdó ọkọ̀ ojú irin a sì jókòó lé e lórí. Ìgbà náà ni wọ́n tó lè gbẹ́ ààyè ńlá sísàlẹ̀ fún ọ̀nà tuntun, láti ìsàlẹ̀ òrùlé yìí lọ sílẹ̀, tí wọ́n sì ń fi irin gbè é láti ògiri dé ògiri bí wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀.

Kí ni jáàkì ń ṣe nínú iṣẹ́ yìí?

Kọnkéré a máa sún kì díẹ̀ bí ó ti ń gbẹ, bíìmù a sì máa tẹ̀ díẹ̀ nígbà tí ẹrù bá kọ́kọ́ dé orí rẹ̀. Bí a bá kàn fi ilé sílẹ̀ lé e, iye tí ó sún kì àti iye tí ó tẹ̀ ni ilé yóò fi rì. Nítorí náà ni a ṣe ń fi àlàfo sílẹ̀ láàárín bíìmù tuntun àti ìsàlẹ̀ ilé àtijọ́, tí a ń to jáàkì sí i, tí a ń fún un ní agbára díẹ̀díẹ̀ títí bíìmù yóò fi tẹ̀ tán kí ilé tó gbára lé e. Lẹ́yìn náà ni a ó fi irin há a, a ó sì dí àlàfo náà.

Níbi iṣẹ́ kékeré tí kò gba jáàkì, àlàfo bíi sẹ̀ǹtímítà 5 sí 7.5 ni a ń fi sílẹ̀, a ó sì fi yanrìn àti sìmẹ́ńtì tí omi rẹ̀ kéré gan-an kì í títí kò fi ní gbà mọ́. Bíríkìlà tí ó bá da omi púpọ̀ sí i kí ó lè rọrùn láti kì ti ba iṣẹ́ jẹ́, nítorí pé bí omi náà bá ti gbẹ ni àlàfo yóò tún là.

Ẹ ṣọ́ra fún jáàkì pẹ̀lú. Bí ó bá ti ilé sókè ju bí ó ti yẹ lọ, ilé yóò sán gẹ́gẹ́ bí ó ti ń sán nígbà tí ó bá rì.

Ṣé ọkọ̀ ojú irin máa ń dúró títí iṣẹ́ yóò fi parí?

Rárá, ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Wọ́n lè ní kí awakọ̀ dín eré kù níbẹ̀, wọ́n sì lè ti ọ̀nà náà ní òru tàbí ní òpin ọ̀sẹ̀ fún apá iṣẹ́ tí ó léwu jù. Ìdí tí wọ́n fi ń náwó tó bẹ́ẹ̀ sí iṣẹ́ náà ni pé kí èrò lè máa lọ kí wọ́n máa bọ̀.

Omi abẹ́ ilẹ̀ ńkọ́?

Nínú gbogbo ohun tí ó ń dẹ́rù ba ẹni tí ó ń gbẹ́ ihò, omi ni olórí. Yanrìn tí ó ní omi a máa ṣàn wọ inú ihò, ààyè tí ó ṣí sílẹ̀ a sì di kòtò lábẹ́ ilé ẹlòmíràn.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni láti fi ẹ̀rọ fa omi náà, ṣùgbọ́n ìyẹn ní ewu tirẹ̀. Amọ̀ tí omi rẹ̀ bá lọ a máa sún kì, ilé tí ó wà lórí rẹ̀ a sì bá a lọ sílẹ̀. Ní Boston, orí òpó igi tí wọ́n gbá wọ ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ dúró lé. Igi náà kì í jẹrà níwọ̀n ìgbà tí ó bá wà nínú omi, ṣùgbọ́n bí omi bá fà sílẹ̀ tí afẹ́fẹ́ dé ibẹ̀, jíjẹrà bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀nà kejì ni láti fi páìpù tẹ omi sìmẹ́ńtì tàbí kẹ́míkà wọ inú ilẹ̀ kí ó lè dì.

Ọ̀nà kẹta ni láti sọ omi inú ilẹ̀ di yìnyín. Wọn a gbá páìpù wọ ilẹ̀, wọn a sì máa gba omi iyọ̀ tí ó tutù dé nǹkan bí ìwọ̀n Celsius 25 tàbí 30 sí ìsàlẹ̀ òdo kọjá nínú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, títí ilẹ̀ yóò fi le bí òkúta. Ní Boston, báyìí ni wọ́n ṣe gbẹ́ ihò bọ́ọ̀sì Silver Line kọjá lábẹ́ àwọn ilé àtijọ́ Russia Wharf, tí wọ́n ń gé òpó igi ilé wọ̀nyẹn bí wọ́n ti ń bá wọn pàdé. Ọdún 2004 ni bọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ibẹ̀. Ní Berlin ní Jámánì, inú ilẹ̀ tí wọ́n mú dì ni wọ́n ti gbẹ́ ibùdó Museumsinsel, tí ó ṣí ní ọdún 2021. Ilẹ̀ tí ó bá dì a máa wú sókè, bí yìnyín bá sì yọ́, a máa rì. Ẹni tí ó bá yan ọ̀nà yìí gbọ́dọ̀ ṣe ètò sílẹ̀ fún méjèèjì.

Rírì tó báwo ni ó tó láti dá iṣẹ́ dúró?

Mìlímítà ni a fi ń wọ̀n ọ́n, kì í ṣe sẹ̀ǹtímítà. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ni a ti ń fi ààlà sílẹ̀: iye kan tí a ó fi kìlọ̀, àti iye kan tí gbogbo ènìyàn yóò fi jáde kúrò nínú ihò. Ilé kọ̀ọ̀kan ni ó ní iye tirẹ̀, nítorí pé irin, bíríkì àti kọnkéré kò ní ìfaradà kan náà.

Ohun tí ó yẹ kí a máa wò jù ni ìyàtọ̀ láàárín ibi kan àti ibi kejì. Bí gbogbo ilé bá rì ní mìlímítà 10 pọ̀, ó lè má sí ibi tí yóò sán. Bí igun kan bá rì ní mìlímítà 10 tí igun tí ó tẹ̀ lé e kò sì mira, ògiri tí ó wà láàárín wọn ni yóò jìyà rẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń to ẹ̀rọ ìwọ̀n sí ara òpó, ojú irin àti inú ilẹ̀, tí ó ń kà á tọ̀sán-tòru.

Nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ojú irin Jubilee ní London, tí apá tuntun rẹ̀ ṣí ní ọdún 1999, ilé ìṣọ́ tí aago Big Ben wà nínú rẹ̀ ń fì sí ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ̀rọ ti ń kà á ni wọ́n ń tẹ omi sìmẹ́ńtì wọ abẹ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀ láti dá fífì náà dúró. Ìwọ̀n ni ó sọ ìgbà tí ó yẹ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ àti ibi tí ó yẹ kí ó wọ̀.

Kí ni ó sábà máa ń fa ìjàǹbá?

Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta ọdún 2009, ilé ìkówèésí ìtàn ìlú Cologne ní Jámánì wó lulẹ̀ sí ẹ̀bá kòtò ojú irin abẹ́lẹ̀, ènìyàn méjì sì kú. Àlébù wà lára ògiri kọnkéré tí ó yí kòtò náà ká, omi àti yanrìn sì gba ibẹ̀ ya wọlé. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá ọdún 1994, àwọn ihò tí wọ́n ń gbẹ́ fún ọkọ̀ ojú irin ní pápákọ̀ òfurufú Heathrow ní London wó lulẹ̀. Kò sí ẹni tí ó kú, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ti ń fi hàn ṣáájú pé ilẹ̀ ń mira.

Ní tiwa, ohun tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mú nínú méjèèjì ni pé ìmọ̀ iṣẹ́ náà wà nílẹ̀. Ohun tí kò sí ni ẹni tí yóò rí àlébù tàbí ka ìwọ̀n kí ó sì ní àṣẹ láti sọ pé kí iṣẹ́ dúró. Níbikíbi tí ẹni tí ó ń ka ìwọ̀n bá ń bẹ̀rù ẹni tí ó ń san owó, ewu ti wọ ibẹ̀.

Ṣé ilẹ̀ Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà lè gba irú ihò bẹ́ẹ̀?

Orí àpáta àtijọ́ ni ìlú méjèèjì wà, àwọn àpáta tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pè ní schist, gneiss àti amphibolite. Àpáta líle dára fún ihò. Ìṣòro wà ní òkè rẹ̀, níbi tí òjò àti ọjọ́ pípẹ́ ti sọ àpáta di ilẹ̀ pupa, yangí àti amọ̀. Bí àpáta ṣe jìn sí kò dọ́gba: ó lè yọ sójú ilẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, kí ó sì jìn gan-an ní ibi tí kò jìnnà sí i. Òkúta ńlá tí kò tíì jẹrà a sì máa fara pamọ́ sínú ilẹ̀ rírọ̀, tí ẹni tí ó ń lu ilẹ̀ yóò fi rò pé òun ti dé àpáta.

Ihò tí ìdajì ojú rẹ̀ jẹ́ àpáta, tí ìdajì jẹ́ ilẹ̀ rírọ̀, ni ó nira jù láti gbẹ́. Ẹ tún rántí pé yangí tí ó le kankan lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀ lè rọ̀ nígbà òjò, tí omi kànga náà á sì gòkè.

Àwọn tí ń wa góòlù ní agbègbè Iléṣà ti ń gbẹ́ ihò. Ṣé kì í ṣe iṣẹ́ kan náà?

Wọ́n mọ ilẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ fojú kéré ìmọ̀ náà. Ẹni tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ní Ìtagúnmódì tàbí Ìpẹrindó lè fi ojú àti ọwọ́ mọ̀ pé ilẹ̀ kan fẹ́ ya. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nínú ilẹ̀ ni wọ́n ń wá. Bí wọ́n bá ti rí i, wọ́n á fi ihò sílẹ̀. Kò sí ilé lórí wọn, kò sì sí ẹni tí ó ń wọn rírì.

Èyí ni ó mú wa gba ẹni tí ó bá fẹ́ ra ilẹ̀ ní agbègbè náà níyànjú pé kí ó bi àwọn àgbà ibẹ̀ bóyá wọ́n ti wa nǹkan níbẹ̀ rí. Ilẹ̀ tí a dà padà sínú kòtò láìgún un lè rì fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ògiri ilé bàbá wa sán, ìpìlẹ̀ rẹ̀ sì ti hàn síta. Ṣé bíríkìlà lè tún un ṣe?

Ẹ kọ́kọ́ wá ohun tí ó fà á. Lọ́pọ̀ ìgbà, omi òjò tí ó ń já bọ́ láti orí páànù sí ìdí ògiri ni. Bí ẹ kò bá yà á kúrò níbẹ̀, ìpìlẹ̀ tuntun náà yóò tún hàn síta. Ẹ fi lẹ́ẹ̀dì fa ìlà sí òpin ibi tí ó sán, kí ẹ kọ ọjọ́ síbẹ̀, kí ẹ lè mọ̀ bóyá ó ṣì ń gùn.

Ẹnjiníà tí ó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ COREN, àjọ tí ó ń bójú tó iṣẹ́ ẹnjiníà ní Nàìjíríà, ni kí ẹ jẹ́ kí ó yẹ ilé náà wò kí bíríkìlà tó fi dígà kan ilẹ̀. Ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ ni kí ẹ ṣe é. Wọn kò gbọdọ̀ gbẹ́ ju nǹkan bíi mítà kan lọ lẹ́ẹ̀kan lábẹ́ ògiri, wọ́n sì gbọdọ̀ máa fò gẹ́gẹ́ bí a ti ṣàlàyé lókè. Ògiri alámọ̀ kò lè nà kọjá lórí àlàfo bíi ti kọnkéré. Kí kòtò rẹ̀ kéré sí i, kí wọ́n sì fi igi ti ògiri náà. Bí bíríkìlà bá sọ pé òun yóò gbẹ́ gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan kí iṣẹ́ lè yá, ẹ má gbà fún un.

Bí a bá bá ohun àtijọ́ pàdé nígbà tí a ń gbẹ́ ilẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ńkọ́?

Ẹ dá iṣẹ́ dúró, ẹ má ṣe gbé e kúrò níbi tí ó wà, kí ẹ sì ránṣẹ́ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀ láti kọ́ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní ọdún 1938 ni wọ́n hú àwọn orí idẹ tí gbogbo ayé mọ Ifẹ̀ mọ́. Ní Ìta Yemòó ní ọdún 1957, iṣẹ́ ilé kíkọ́ náà ni ó tú àwọn ère jáde. Ilẹ̀ tí wọ́n fi àpáàdì tẹ́ náà sì wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ àgbàlá. Ibi tí ohun kan wà nínú ilẹ̀ àti ohun tí ó yí i ká jẹ́ ìdajì ìtàn rẹ̀, dígà kan ṣoṣo sì lè pa á rẹ́.

Bí a bá fún apá kan ilé ní ìpìlẹ̀ tuntun, apá kejì ńkọ́?

Ìbéèrè yìí ni àwọn tí ó ti mọ iṣẹ́ náà díẹ̀ máa ń gbàgbé láti bi. Apá tí ó jókòó lé àpáta kò ní mira mọ́, ṣùgbọ́n apá tí ó ṣì wà lórí ilẹ̀ rírọ̀ yóò máa lọ sókè sódò pẹ̀lú òjò àti ọ̀gbẹlẹ̀. Níbi tí méjèèjì ti pàdé ni ilé yóò ti sán. Ní ojú irin abẹ́lẹ̀, wọ́n ń gé oríkèé síbẹ̀ kí apá kọ̀ọ̀kan lè mira lọ́tọ̀, wọ́n sì ń fi rọ́bà dí i kí omi má bàa wọlé. Ní ilé tiwa, ó sàn kí a mú ìpìlẹ̀ tuntun jìn díẹ̀díẹ̀ láti apá kan sí ìkejì ju kí a dá a dúró lójijì lọ.

Bí àwòrán ilé àtijọ́ kò bá sí mọ́ ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó máa ń rí bẹ́ẹ̀, bí àwòrán bá sì wà, ohun tí wọ́n kọ́ lè má bá a mu. Wọn a lu kọnkéré àtijọ́, wọn a yọ díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ dán agbára rẹ̀ wò, wọn a sì fi ẹ̀rọ wá ibi tí irin wà nínú rẹ̀. Títí wọn yóò fi rí ẹ̀rí tí ó dájú, bí ẹni pé agbára rẹ̀ kéré jù ni wọ́n ń ṣírò rẹ̀. Ihò kékeré àkọ́kọ́ tí wọ́n gbẹ́ ni ó tún ń jẹ́ kí wọ́n fi ojú ara wọn rí ìsàlẹ̀ ilé náà. Nítorí náà ni a ṣe ń gbẹ́ ti àkọ́kọ́ sí ibi tí ẹrù ti fúyẹ́ jù, kí a lè ní ààyè láti yí ètò padà bí ohun tí a bá níbẹ̀ bá yàtọ̀ sí ohun tí a rò.